Bàtà Kàsúmù lórí Ọ̀nà Òkè Ìgbín

Kò sí ẹni tó gbé Ìrókò-Méje rí tí kò mọ Fàdérera, olórí ọmọ-osú ilé Arókè. Obìnrin náà ga, ó dúdú, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ara ń darúgbó. Òun ló mọ ẹni tó bí ẹni tó bí gbogbo wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ ilé náà lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ọmọbìnrin wọn bí sílé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ náà kí Fàdérera tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, kí ó wo ojú ọmọ náà, kí ó sì kì í láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ìyá bàbá rẹ̀ ti ṣe nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ṣe.

Àwọn Arókè kì í ṣe ọmọ ọba. Ọ̀nà ni ìlú fi mọ̀ wọ́n. Baba ńlá wọn ló fi àdá la ọ̀nà tó gun Òkè Ìgbín. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tọkùnrin tobìnrin ilé náà á gbé ọkọ́, wọ́n á ro ọ̀nà náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ṣóńṣó òkè. Nítorí èyí, ìlú fún wọn ní ẹ̀tọ́ kan: ọ̀rọ̀ tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀nà náà, àwọn Arókè ni yóò parí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lo ẹ̀tọ́ náà gbẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé rò pé ìtàn lásán ni.

Nígbà tí fóònù dé, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Agbóhùnká gbé òpó gíga kan nà sórí Òkè Ìgbín. Wọ́n ra ilẹ̀ orí òkè lọ́wọ́ ìlú, wọ́n kọ̀wé, wọ́n lu òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni àwọn oníwèé wọn jókòó sí tí wọ́n ń wo àwòrán ilẹ̀. Wọ́n rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gun òkè, wọ́n ní ọ̀nà ìjọba ni, wọn ò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn Arókè ò sọ̀rọ̀. Ta ni í di ọ̀nà mọ́ àlejò? Mọ́tò ò lè gun òkè náà, nítorí náà àwọn alágbàṣe á máa fi orí ru kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì lọ fún jẹnẹrétọ̀ tó ń mú òpó náà ṣiṣẹ́.

Síìmù Agbóhùnká ni gbogbo ìlú ń lò. Kò kúkú sí òmíràn. Fóònù ló yàtọ̀ síra. Àwọn tó rí já jẹ ń lo èyí tó ní àwòrán àṣá lẹ́yìn. Àwọn tó pọ̀ jù ń lo ẹlẹ́yẹlé, nítorí pé kò wọ́n, ohùn rẹ̀ sì ń dún ketekete. Ẹlẹ́yẹlé ni Ọdúnayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Fàdérera bí, rà fún ìyá rẹ̀ kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Yólà.

"Màmá, inú ẹ̀ lẹ ó ti máa rí ojú mi," ni ó wí.

Ọdún mọ́kànlá ni Ọdúnayọ̀ fi wá ọmọ. Lọ́jọ́ tó fi oyún rẹ̀ han ìyá rẹ̀ nínú fóònù náà, Fàdérera fi ìka kan ikùn náà lórí gíláàsì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ náà dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin ni. Fàdérera gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo fóònù ẹlẹ́yẹlé ní Ìrókò-Méje ti yadi. Iná wọn ń tàn o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú wọn: A kò gba fóònù yìí lórí òpó wa.

Fàdérera mú ọ̀pá, ó lọ sí ọ́fíìsì Agbóhùnká. Máníjà ibẹ̀, Akínṣọ̀tún, dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, ọmọ mi. Kí ni fóònù mi fi ṣe yín?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀, Màmá. Àwọn tó ṣe é ni. Àwọn aláṣàá ní àwọn làwọn kọ́kọ́ ṣe fóònù tí igun rẹ̀ rí roboto, tí wọ́n ń fi ìka ra lójú. Wọ́n ní ńṣe làwọn ẹlẹ́yẹlé jí i wò. Ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù. Àwa náà sì ti bá àwọn aláṣàá ṣe àdéhùn pé tiwọn nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ lórí òpó wa."

Fàdérera yí fóònù rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Igun roboto? Ọmọ ọlọ ìyá mi wà nílé, roboto ni igun tiẹ̀ náà rí. Kí wọ́n wá mú un. Ọmọdé tó ń fi ìka nu abọ́ ọbẹ̀ ńkọ́, ṣé aláṣàá ló kọ́ ọ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Akínṣọ̀tún, ó rántí pé máníjà lòun. "Màmá, ọ̀rọ̀ òfin ni."

"Adájọ́ ti dá a?"

"Wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ ni."

"Ẹjọ́ tí adájọ́ ò tíì dá, ẹ ti fìyà ẹ̀ jẹ ẹni tí ò sí níbẹ̀! Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn ó sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ kì í."

"Ẹ ra aláṣàá, Màmá. Àwa la la ọ̀nà fún ohùn yín. Ẹni tó la ọ̀nà ló ń pàṣẹ ohun tó máa gba ibẹ̀ kọjá."

Fàdérera tẹ́tí bí ẹni tó gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lójú òpópó. "Tún un sọ."

"Mo ní, ẹni tó la ọ̀nà ló ń pàṣẹ ohun tó máa gba ibẹ̀ kọjá."

"Mo ti gbọ́," ni Fàdérera wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Akínṣọ̀tún wá sílé Arókè pẹ̀lú fóònù aláṣàá tuntun nínú páálí. Ó ní ẹ̀bùn ni, kí Màmá fi ki ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Fóònù náà ń dán. Ọdún mọ́kànlá ló rọ́ wọ ọkàn Fàdérera lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà dé ìdajì kó tó fà á padà.

"Àwọn ará ìlú yòókù ńkọ́? Kàsúmù tó ń ṣe bàtà, tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù ní Ìlọrin, kí ni yóò fi gbọ́ ohùn rẹ̀?"

"Màmá, a ò lè fún gbogbo ìlú."

"Oríkì ilé wa kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Gbé nǹkan rẹ, ọmọ mi. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi."

Lẹ́yìn tó lọ, àwọn ọmọ-osú bínú sí i. Ọ̀kan ní kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé e ní ọ̀kadà lọ sí ìlú kan tí òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn wà, kó ti ibẹ̀ kì í. "Ẹnu ọ̀nà ta ni n ó dúró sí níbẹ̀?" ni ó bi í. Ló bá ránṣẹ́ pe Kàsúmù.

Táyà mọ́tò tó ti gbó ni Kàsúmù fi ń ṣe bàtà. Gbogbo àgbẹ̀ ìlú ló ń wọ̀ ọ́, torí pé ẹ̀gún ò lè gún un. Fàdérera bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kàsúmù rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Ọjọ́rú, tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀ kù díẹ̀ kó tán. Ìlú mẹ́rin ló sì ń jẹ lára òpó náà. Akínṣọ̀tún fúnra rẹ̀ kó alágbàṣe mẹ́rin wá, kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ ń bẹ lápò rẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ sì ni pé kò gbọdọ̀ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n bá àwọn ọmọ-osú ilé Arókè tí wọ́n jókòó lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà, ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Fàdérera ló wà láàárín. Kàsúmù to bàtà táyà rẹpẹtẹ sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Fàdérera wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín, kí n wò ó."

Bàtà Kàsúmù ló wà lẹ́sẹ̀ àwọn alágbàṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹ kọjá." Wọ́n kọjá. Akínṣọ̀tún fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ọ̀pá Fàdérera sì dábùú níwájú rẹ̀.

"Tìrẹ ò lè kọjá. Ilà gbàgẹ̀rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ bàtà rẹ yẹn, Kàsúmù ní láti ara táyà òun ni wọ́n ti jí i wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni o," ni Kàsúmù wí. "Mi ò tíì gbé wọn lọ kóòtù ni."

"Màmá, ẹ má fi mí ṣeré. Dísẹ́ẹ̀lì ti ń tán!"

"Ta ló ń ṣeré? Àwọn Arókè ti bá Kàsúmù ṣe àdéhùn. Kàsúmù, fún un ní ọ̀kan. Ẹ̀bùn ni."

Kàsúmù na bàtà táyà kan sí i, èyí tó tóbi jù níbẹ̀. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ojú Akínṣọ̀tún pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Mi ò wọ̀ ọ́! Bàtà tí mo fowó mi rà ni mo wọ̀, kò sì ṣe ọ̀nà yín ní nǹkan kan! Ó dáa, ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà, ṣé ẹ̀yin náà lẹ ni ẹsẹ̀ mi ni?"

Àwọn alágbàṣe tó ti gòkè dé ìdajì sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, wọ́n bojú wẹ̀yìn. Akínṣọ̀tún náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

"Tún un sọ," ni Fàdérera wí jẹ́jẹ́.

Akínṣọ̀tún jókòó lórí òkúta, ó fi ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe ké láti òkè pé, "Ọ̀gá, wọ́n kúkú mú yín!" Akínṣọ̀tún yọ fóònù aláṣàá rẹ̀ jáde, ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn.

"Ọ̀gá, láàárín wákàtí kan, yálà kí a ṣí àwọn fóònù ẹlẹ́yẹlé, tàbí kí ìlú mẹ́rin yadi... Rárá, sà, ọ̀nà ìjọba kọ́. A ò bèèrè nígbà náà... Kóòtù ò tíì dá a, sà."

Àwọn ọmọ-osú ò sún. Oòrùn ń mú. Orúnkún ń dun Fàdérera, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Fóònù ẹlẹ́yẹlé wà ní itan rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Lójijì, ó dún. Ọdúnayọ̀ ni.

"Màmá! Mo ti ń pè yín láti Ọjọ́bọ̀!"

Fàdérera gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. "Ẹ dìde, ẹ̀yin obìnrin. Bàtà tó bá wu máníjà ni kí ó wọ̀ kọjá. Àwa ò ta ọ̀nà rí."

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó gbé fóònù sókè, ó wo ojú ọmọ náà. "Àbẹ̀ní, ọmọ a-lànà-fálejò, ọmọ a-fi-ọkọ́-bókè-wí." Ọmọ náà la ojú ní Yólà. Kàsúmù wà níbẹ̀, fóònù tirẹ̀ wà létí rẹ̀, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà Ìrókò-Méje, bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ohun tó ni jẹ gàba lé wọn lórí, ti ń pa á lówe fún un pé: ẹni tó la ọ̀nà ò ni ẹsẹ̀ arìnnà.