Ìlà Inú Móòdù

Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wà ní etí títì Ìkirè tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìdérí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kì í ṣe irin ni wọ́n ń lò. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi fọ́nrán kábọ̀nù hun ni, tí wọ́n ń rẹ sínú résìnì, oje tó máa ń le, tí wọ́n ń tẹ́ sínú móòdù tó ní ìrísí ìdérí náà títí yóò fi gan bí òkúta. Ọkọ ló ṣe móòdù. Ìyàwó ló ń tẹ́ aṣọ.

Ìdérí àkọ́kọ́ jáde, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀. Ọkọ fi sáńpépà họ ọ́, ó sì bú ìyàwó. Èkejì jáde, ìlà tún wà níbẹ̀ gan-an. Ìyàwó pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì. Ó ń sé èémí bó ti ń tẹ́ aṣọ. Ìlà ò lọ.

Ọjọ́ tí ìkẹfà jáde, oníbàárà kan wà ní ìjókòó. Ọkọ gbé ìdérí sókè.

"Ẹ bá mi wo iṣẹ́ obìnrin yìí! Ọwọ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ! Láti ọ̀la, kó jókòó sílé, màá wá ẹlòmíì."

Iṣẹ́ tí ìyàwó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, lójú àlejò. Ó gbé móòdù síta sínú oòrùn, ó fi èékánná tọ inú rẹ̀. Èékánná kọ́ nǹkan.

"Bàbá Ìbídàpọ̀, ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ọkọ fọwọ́ kàn án. Inú móòdù ni ìlà wà. Ìdérí àtijọ́ tí ọkọ fi ṣe móòdù ló ti ní ìlà lára. Ó rí i lọ́jọ́ tó ń ṣe móòdù, ìkánjú ò jẹ́ kó dí i. Ó ní ìda tí òun fẹ́ fi pa ìdérí náà kó má bàa lẹ̀ mọ́ móòdù yóò bò ó.

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ta wá ni pẹ́pẹ́yẹ báyìí?"

Ṣé ọkọ bẹ ìyàwó? Rárá o! Ó ní, "Kí ló dé tóò tètè sọ?"

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, tó o ń mi orí, dúró ná. Lánàá ni ọmọ rẹ pe ìyá àgbà ilé kejì ní olórí burúkú. O gbá a létí, o ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ta ló pe ìyá yẹn bẹ́ẹ̀ níṣojú ọmọ, lórí oúnjẹ, lọ́jọ́ Sátidé? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ ṣì wú. Lọ tún ẹnu ara rẹ ṣe. Kó o sì kúnlẹ̀, kó o bẹ ọmọ náà.