Ìkòkò Orí Òkè

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pọn omi fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Ilẹ̀ Íńdíà ni, lójú ọ̀nà kan tí àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń gbà lọ síbi odò mímọ́ wọn. Ọ̀nà náà gun òkè olókùúta kan tí kò ní igi, oòrùn ibẹ̀ kò sì mọ ojú àgbà. Lórí òkè yìí ni bàbá rẹ̀ kọ́ ahéré kékeré kan sí. Ó gbé ìkòkò ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà ahéré náà, ó sì ń fún gbogbo ẹni tó bá kọjá ní omi lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí bàbá kú, ọmọ gba iṣẹ́ náà. Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Àwọn àgbà wa ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kò ní rẹ ẹni tó ń pọn ọ́n. Ẹ̀yìn òkè ni ìsun omi wà, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni apọnmi yìí sì ń sọ̀ tó ń gòkè. Tó bá dé, yóò fi aṣọ funfun sẹ́ omi náà. Yóò tún gbé aṣọ ọ̀hún padà lọ ṣàn sínú ìsun, kí kòkòrò tó bá há sínú rẹ̀ má baà kú, nítorí àwọn kan nínú àwọn tó ń mu omi náà kì í pa ohun ẹlẹ́mìí. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti wọ́. Kì í ráhùn, ṣùgbọ́n ó ti sú u.

Àṣà kan wà lójú ọ̀nà náà. Kànga kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè, omi rẹ̀ kò dùn, ó sì jìn. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ a gbójú sókè wo ìkòkò apọnmi. Bí ìkòkò bá wà ní ìdúró, omi wà nìyẹn. Onítọ̀hún a fi kànga sílẹ̀, a máa gòkè lọ. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, kò sí omi. A mu ti kànga, a sì bu díẹ̀ dání. Láyé bàbá rẹ̀, wọn kò dojú ìkòkò náà dé rí.

Ohun tó wà lọ́kàn apọnmi ni ọ̀rọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ sọ kó tó kú. Ó nawọ́ sí ìkòkò, ó ní, “Dáámà tìrẹ nìyẹn.” Kò ṣàlàyé. Gbogbo àwọn arìnrìn-àjò náà ló sì ń pe Dáámà, Dáámà, bí wọ́n ti ń nu omi lẹ́nu. Apọnmi fẹ́ mọ ohun tí òun torí rẹ̀ ba èjìká òun jẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n.

Bàbá arúgbó kan, ẹlẹ́sìn Híńdù tó máa ń kọjá lọ́dọọdún, ní Dáámà ni ohun tó gbé ayé ró, àti iṣẹ́ tó tọ́ sí olúkúlùkù ní ipò rẹ̀. Àlùfáà Búdà kan ní ẹ̀kọ́ tí Búdà fi sílẹ̀ ni, òótọ́ nípa bí nǹkan ṣe rí: pé ìyà wà, pé ó ní ohun tó ń fà á, pé ọ̀nà wà tí a fi ń bọ́ nínú rẹ̀. Obìnrin ẹlẹ́sìn Jéènì kan ní kí èèyàn má ṣe pa ohunkóhun lára ni. Àgbẹ̀ kan, ẹlẹ́sìn Síìkì, mu ife mẹ́ta tán, ó ní kí èèyàn ṣiṣẹ́ òtítọ́, kí ó bá ẹlòmíràn pín in, kí ó má sì gbàgbé Ọlọ́run. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í fẹ́ gbọ́ pé ọ̀nà pọ̀.

Wọ́n wá sọ fún un nípa olùkọ́ ńlá kan ní ìlú tó jìn tó ìrìn ọjọ́ méjì. Ó pinnu láti lọ gba ìdáhùn kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ìkòkò ti gbẹ. Ó gbé ọwọ́ lé e láti dojú rẹ̀ dé, ojú sì tì í. Àwọn ará ìsàlẹ̀ yóò rí i, wọn yóò ní ọmọ ti dojú ohun tí bàbá gbé nàró dé. Ó ní ọjọ́ mélòó kan náà ni, pé kì í ṣe àkókò tí èrò ń pọ̀. Ó fi ìkòkò òfìfo sílẹ̀ ní ìdúró, ó bá tirẹ̀ lọ.

Olùkọ́ náà ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ẹní ló wà. Kò dá apọnmi lóhùn lórí Dáámà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló béèrè, lẹ́yìn náà ó béèrè ẹni tó wà nídìí ìkòkò báyìí. Apọnmi ní kò sí ẹnì kankan.

“Ṣé o dojú rẹ̀ dé?”

Apọnmi ní òun kò dojú rẹ̀ dé.

Olùkọ́ nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. “Padà sílé,” ó ní. “Bí o bá débẹ̀ tí o ṣì fẹ́ béèrè, bi ẹni tí o bá bá níbẹ̀.”

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ló padà dé. Bàbá arúgbó ọjọ́sí ló bá lábẹ́ òjìji ahéré, ó nà gbalaja, ètè rẹ̀ ti bó. Àlùfáà Búdà ń gòkè bọ̀ láti ìsun. Kò pọn omi rí láyé rẹ̀, ó ti da ìdajì nù. Ó yọ aṣọ ìsẹ́mi kékeré tí irú wọn máa ń mú dání, ó sẹ́ omi náà, ó sì ń kán an sí bàbá lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Kò bá apọnmi wí.

Apọnmi kúnlẹ̀, ó ń bẹ bàbá. Bàbá la ojú.

“Mo dé ibi kànga, ọmọ mi. Mo wòkè, mo rí ìkòkò rẹ ní ìdúró. Láti ayé bàbá rẹ ni mo ti ń gba ibí. Ìkòkò yín kò parọ́ fún mi rí.”

Bàbá kò kú. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbé e dé odò mímọ́ tó fẹ́ wẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọ́n gbé e padà sílé, kò sì tún gba ọ̀nà náà mọ́. Apọnmi sunkún lọ́jọ́ náà, kò fi pamọ́.

Kò tún bi àlùfáà ní nǹkan kan. Ó gbé agbè, ó sọ̀ lọ sí ìsun. Èjìká náà ń dùn ún títí di òní. Ní ọjọ́ tí ara bá kọ̀, yóò jí, yóò fi ọwọ́ méjèèjì dojú ìkòkò bàbá rẹ̀ dé, yóò sì padà lọ sùn. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ a kùn, wọn a fa omi kànga tí kò dùn, wọn a sì gòkè láàyè.

Ìwọ tí o wá béèrè ìtumọ̀ Dáámà lọ́wọ́ mi, o ti ka ti Búdà, o ti ka ti Híńdù, o ti fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti takora. Ó dára. Ta ló wà nídìí ìkòkò rẹ? Ìyàwó rẹ ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ọ́ ṣe alàgbà fún nínú ìjọ ń wò ó, wọ́n sì ti kọjá kànga nítorí rẹ. Kò sí ẹni tó ní kó má rẹ̀ ọ́; ó rẹ gbogbo wa. Bí omi bá wà, fún wọn mu. Bí kò bá sí, dojú rẹ̀ dé kí wọ́n rí i.