Ìgbálẹ̀ tí Àwẹ̀ró kò fi rúbọ

Èpò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé: bẹ́ẹ̀ ni Ifá wí fún Àwẹ̀ró, opó Ọ̀jẹ́kúnlé, ní ọdún tí ẹkún di oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀.

Iwájú ilé ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, láàárín koríko tútù tí ọkùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ọ̀ṣúnbùnmi ìyálé ń tọ́jú apá ọ̀tún, Àwẹ̀ró ń tọ́jú apá òsì. Ṣùgbọ́n èpò wọ inú koríko náà nígbà òjò. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, èpò kú, ilẹ̀ sì pá bí orí tí làpálàpá jẹ. Ẹbí ọkọ ní opó tí kò lè tọ́jú ojú oórì ti gbàgbé òkú. Bí ilẹ̀ bá tún pá ní ìrántí ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó ni apá ibẹ̀ yóò jáde nílé. Àwẹ̀ró kò bímọ, kò sì ní ilé bàbá tí yóò padà sí. Kí ló kù fún un láyé?

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àwọn méjèèjì tọ Ẹfúnlóyè ìyánífá lọ. Arúgbó náà ní kí wọ́n rúbọ. Wọn yóò fọ́n èèrí àgbàdo sórí ilẹ̀ kí òjò tó kàn án. Kí kálukú sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ wá, nítorí wọn kò gbọdọ̀ gbá ojú oórì, wọn kò sì gbọdọ̀ gé koríko kanlẹ̀, títí òjò yóò fi lọ.

Àwẹ̀ró ní ilẹ̀ ṣáà mọ́ báyìí, èpò kankan kò sí níbẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń rúbọ sí?

“Ìgbà tí kò tíì hù là ń lé e,” ni Ẹfúnlóyè wí. “Irúgbìn rẹ̀ wà nílẹ̀, ìhòòhò ilẹ̀ ló ń wá. Ìwọ lo sì ń bọ́ aṣọ lára ilẹ̀ fún un láràárọ̀.”

“Ìyá, gbígbá yìí nìkan ni mo ṣì ń bá ọkọ mi ṣe.”

Arúgbó náà mí kanlẹ̀.

Ọ̀ṣúnbùnmi fi ìgbálẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbọ, Àwẹ̀ró mú tirẹ̀ padà sílé. Koríko rẹ̀ ga, aládùúgbò ń pè é ní ọ̀lẹ, ó kọ etí ikún sí wọn. Àwẹ̀ró fọ́n èèrí lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbá a dànù, torí ojú oórì kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Òjò rọ̀, èpò hù. Ó ń fà á tu títí èékánná rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, bó sì ti ń fà á ni irúgbìn ń dà sílẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tún dé, ó pa èpò. Ní ọjọ́ ìrántí, apá ọ̀tún tutù yọ̀yọ̀, apá òsì pá. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn. Olórí ẹbí kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ó tó.

Ọ̀ṣúnbùnmi tó rúbọ pé dàgbà dàrúgbó nínú ilé náà. Èyí tó rú àbọ̀ ẹbọ kábàámọ̀, àbámọ̀ kò sì gbà á. Nígbà tí Àwẹ̀ró ń lọ, ìgbálẹ̀ nìkan ló mú lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá oórì ọkọ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó sì ń gbá ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, kí ilẹ̀ lè mọ́.