Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Fèrè Kóòṣì Ẹkùn

Àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ!

— Àlọ̀ọ̀!

Ó gba pápá bọ́ọ̀lù kọjá, ó já lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí.

Òbúkọ àti Ìgalà ń jiyàn ilé-ìwé tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Ọ̀kẹ́rẹ́, tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí, fọ́nnu: "Ẹ sinmi ariwo! Kóòṣì Ẹkùn ló kọ́ èmi!"

Ẹkùn yọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ọmọ mi, màá fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí mo kọ́ mọ ohun tí à ń ṣe. Òpùrọ́ ni mo fi ń jẹun."

Ní fèrè kìíní, Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹkùn mirí. Ní ìkejì, ó sáré yí pápá po, ìtọ̀ ń dà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹkùn lánu. Kí ìkẹta tó dún, ó ti dórí igi.

Títí dòní ló ń wo ọ̀tún wo òsì níbẹ̀. Ẹ má bi í pé ta ló kọ́ ọ o!