Ìjàkadì Ìkẹyìn Láníhùn

Láníhùn kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó kọ́kọ́ ja ìjàkadì fún Òkè-Àràbà. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, akọni ìlú rẹ̀ a máa bá ti Odò-Ìsà wọ̀yá ìjà. Ìlú tó bá borí ni yóò pa ẹja inú àbàtà tó wà láàárín wọn títí ọdún yóò fi yí po. Láti ìgbà tí Láníhùn ti dé ojú agbo, Òkè-Àràbà nìkan ló ń jẹ ẹja náà.

Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta. Ó di ẹni tó ń di ògiri mú kó tó lè dìde láàárọ̀. Lọ́dún kan, bí Ẹfúnwùmí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi àdín ra á léjìká, ó dá ọwọ́ dúró.

"Bàbá Àṣàbí, ẹ lọ sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́."

Ó lọ. Ó bẹ Baálẹ̀ pé kí wọ́n wá ọ̀dọ́ kan tí òun yóò máa kọ́. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Láníhùn, ìwọ kọ́ ni yóò sọ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn rẹ bá kan ilẹ̀, a ó gbọ́."

Nígbà tí ọjọ́ ìjà pé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Àbégúndé, ni Odò-Ìsà mú wá. Ẹni tó bá dá ẹnìkejì lẹ́ẹ̀mejì ló borí. Láníhùn fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó dá a. Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Ó fò dìde, ó tẹjú mọ́ Láníhùn.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún Láníhùn yẹ̀, ó ṣubú. Kò wo ọmọ náà. Ẹ̀yìn ló yíjú sí, ó ń wá ẹni tó lè gba ipò rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti gbé igèrè ẹja wá ló rí, àti àwọn ọ̀dọ́ tó káwọ́ gbera. Ó dìde, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lójú ìjà mọ́. Àbégúndé gbé e ṣánlẹ̀. Ó tún wẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ti ń gbé igèrè wọn lọ sílé lófìfo.

Baálẹ̀ wá dúró lé e lórí, ó ní kí ló ń wò lẹ́yìn nígbà tí ọ̀tá wà níwájú.

Láníhùn mí kanlẹ̀. "Ọmọ yẹn ṣubú, ohun tó fẹ́ gbà ló ń wò. Èmi ṣubú, àwọn tó fẹ̀yìn tì mí ni mò ń wò."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.