Òpó tí wọ́n fi ń mánéèjì ògiri

Ọkùnrin kan wà tó ní òpó igi tíìkì kan, òpó tó gùn tó sì le, tó fẹ́ fi gbé òrùlé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dúró. Kó tó ráyè gbẹ́ ihò rẹ̀, ògiri kíláàsì kan nílé-ìwé abúlé wọn fì sínú bí ọ̀mùtí tó ń wá ibi tó máa fara tì. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yá àwọn ní òpó náà kí àwọn fi ti ògiri. Ó ní àwọn kàn fẹ́ fi mánéèjì ẹ̀ títí òjò á fi dá ni.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mánéèjì. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, ẹni tó bá ń mánéèjì nǹkan, òun ni olórí ibẹ̀. Ó ní tábìlì, ó ní àga tó ń yí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti gba àga lọ́wọ́ ẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, ẹ mánéèjì ẹ̀. Bàtà fún ọmọ lẹ́sẹ̀, kó máa mánéèjì ẹ̀. Télọ̀ rán ṣòkòtò, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ: ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa mánéèjì ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ̀rọ̀ náà jà, nítorí ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Òjò dá. Òjò mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Òpó kò kúrò. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ aṣọ ilé-ìwé, alábẹ̀wò kan wá láti ìlú, ó yẹ ibẹ̀ wò, ó sì yìn wọ́n fún ọ̀dà náà. Ìbíronkẹ́, ọmọbìnrin ẹni tó ni òpó, wà ní kíláàsì yẹn. Ìdí òpó gan-an ni tìṣà fi í sí. Ó ní òpó bàbá ẹ̀ ṣáà ni, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń jẹun, ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni sọ pé òjò ṣú.

"Bàbá, tí ògiri bá ti ń dún, tìṣà ní kí àwa tá a wà nídìí ẹ̀ máa rọra kọ̀wé."

Bàbá gbé òkèlè dúró. "Ó máa ń dún ni?"

"Ó máa ń dún. Ó ti mọ́ wa lára."

Ọkùnrin náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ìyẹn ní ògiri náà kò tíì pa ẹnì kankan. Ó lọ bá alága ẹgbẹ́ àwọn òbí. Alága rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó ní ògiri tí kò wó láti ọjọ́ yìí, kí ló fẹ́ wó o báyìí, kí wọ́n ṣì máa mánéèjì ẹ̀. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè bóyá ojú tiẹ̀ nìkan ló là ní gbogbo abúlé.

Ó rò ó. Ó lè ní kí wọ́n gbé ọmọ òun kúrò nídìí òpó. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé síbẹ̀, òpó tiẹ̀ náà ló sì máa máa fọkàn wọn balẹ̀.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Sátidé, tí kò sẹ́nì kankan nílé-ìwé, ó mú okùn, ó lọ. Ó kọ́kọ́ lé àwọn ewúrẹ́ tó sùn sínú kíláàsì jáde. Ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó so okùn mọ́ ìdí òpó, ó jáde síta, ó sì fà á.

Ògiri kò wó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé wọ́n á tún bẹ òun. Nígbà tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó wó lulẹ̀, ó sì fọ́ bẹ́ǹṣì Ìbíronkẹ́ yángá. Ọkùnrin náà dúró, ó wo bẹ́ǹṣì yẹn. Lẹ́yìn náà ló gbé òpó rẹ̀ léjìká, ó gba ilé lọ.

Wọ́n pè é sílé baálẹ̀. Gbogbo abúlé pé. Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ìbíronkẹ́, ẹ ti wó ilé-ìwé wa."

"N kò wó nǹkan kan. Òpó mi ni mo mú."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé òpó yẹn nìkan ló gbé ògiri dúró ni?"

"Mo mọ̀," ọkùnrin náà dáhùn. "Àṣé ẹ̀yin náà mọ̀."

Baálẹ̀ wúkọ́. Ó ní kó dọ̀bálẹ̀, kó bẹ ìlú, kó sì dá òpó padà kí wọ́n lè rí nǹkan fi ti ògiri tó kù. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Baba, ẹ̀yin ni mo dọ̀bálẹ̀ fún," ó sọ ọ́ láti ilẹ̀. "Òpó ò ní padà."

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn òbí. Àwọn ọmọ lọ ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò, ọmọ alága náà wà níbẹ̀, èèrà ń gun òun náà. Ìyàwó alága ò lè wo ìyẹn. Bíríkìlà tí wọn ò rí láti ayébáyé, kò pẹ́ tó fi yọjú. Wọ́n mọ ògiri tuntun, ó tọ́ ṣánṣán, kò sì fara ti ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ alága. Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀. Ó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ òrùlé tí òpó rẹ̀ gbé dúró, ọ̀dà ilé-ìwé ṣì wà lára òpó.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní onísùúrù níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní èèyàn jẹ́jẹ́ láàárín ẹbí, má tíì bi mí pé ta ni alága. Wo èjìká ara rẹ. Ògiri kan wà tó yẹ kó ti wó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìwọ sì ni kò jẹ́ kó wó, àwọn ọmọ sì ń kàwé lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n á ní o wó ilé. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Lọ mú òpó rẹ.

Ṣáà kọ́kọ́ lé àwọn ewúrẹ́ jáde.