Ìdí Tí Táyà Fi Kọlà, Tí Ó Sì Ń Ké Lórí Títì

Nígbà láéláé, nígbà tí títì ọlọ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilẹ̀ wa, ojú táyà ń dán bí ẹ̀yìn igbá tuntun. Kò ní ilà kankan. Àwọ̀ rẹ̀ funfun bí oje igi rọ́bà tí í ṣe ìyá rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, Ẹrẹ̀ ló ni àfonífojì tí ó wà láàárín oko àti títì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ẹrẹ̀ a máa sùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a jí, ebi a sì máa pa á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá, Ẹrẹ̀ a bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà ogun, ilà ojú ni àwọn bàbá wa fi ń mọ ọmọ ẹni. Ẹni tí kò nílà, ta ni yóò gbèjà rẹ̀? Bí ti Ẹrẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ewúrẹ́ a gbé ẹsẹ̀ lé e, ilà méjì a hàn. Àparò a gbé ẹsẹ̀ lé e, ilà mẹ́ta a hàn. Ẹrẹ̀ a ní òun mọ ilé wọn, kí wọ́n máa lọ.

Ẹni tí kò bá ní ilà tí yóò fi hàn, Ẹrẹ̀ a gbé e mì. Ó ti gbé ọmọlanke méjì mì. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan mì lọ́dún tí òjò pọ̀. Orí ọkọ̀ náà nìkan ló kù lókè, àkèré ń jókòó lé e.

Táyà mẹ́rin kan wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan. Abẹ́ jíìpù Àwẹ̀ró ni wọ́n ń gbé. Agbẹ̀bí ni Àwẹ̀ró, àgbà obìnrin tí í wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, ìrọbí mú Àyọ̀ká, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní oko. Ọmọ náà dábùú nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró tọ́ ikùn náà wò, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun nìkan kò ká a. Ilé ìwòsàn kan wà lórí títì. Bí wọn kò bá tètè dé ibẹ̀, ìyá àti ọmọ yóò lọ. Ó gbé Àyọ̀ká sínú jíìpù, ó sì kọrí sí àfonífojì.

Nígbà tí wọ́n dé àárín, jíìpù dúró.

"Ọmọ ta ni yín?" Ohùn Ẹrẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó ń hó bí ìkòkò orí iná.

Àwọn táyà ń yí. Ojú kan náà ni wọ́n ń yí sí, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi hàn. Ẹrẹ̀ gbé wọn mì dé ààbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Nínú ọkọ̀, Àyọ̀ká di apá ìyá ọkọ rẹ̀ mú. "Ìyá, ṣé ibí la máa kú sí?"

"Ìyàwó mi, mo ti gbẹ̀bí lórí ẹní, mo ti gbẹ̀bí lábẹ́ igi ẹmi. N kò gbẹ̀bí nínú ẹrẹ̀ rí, n kò sì ní ti orí tìrẹ bẹ̀rẹ̀."

Àkọ́bí àwọn táyà, èyí tó wà níwájú lápá ọ̀tún, bẹ Ẹrẹ̀. Ó ní ìyá àwọn ni kò kọlà fún àwọn, kì í ṣe pé àwọn kò nílé. Ẹrẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó lọ kọlà wá kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo àwọn tó kù yóò dúró ti òun.

"Bí oòrùn bá wọ̀ kí o tó dé," ni Ẹrẹ̀ wí, "má ṣe wá wọn mọ́."

Àkọ́bí já ara rẹ̀ gbà, ó yí gbirigbiri lọ sí etí odò, sọ́dọ̀ Akàn. Akàn ni olóòlà ayé ìgbà náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni abẹ rẹ̀. Ó ń gbé inú ẹrẹ̀, ó ń gbé orí àpáta, ó sì mọ òfin ibi méjèèjì.

Àkọ́bí ní kí ó kọ ilà tó jìn bí poro oko fún òun, kí ó má kọ òmíràn mọ́ ọn, kí Ẹrẹ̀ lè mọ òun láti òkèèrè.

Akàn wò ó tòkè tilẹ̀. "Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí o sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá kúrò lọ́wọ́ Ẹrẹ̀, ta lo tún máa bá pàdé?"

"Títì ni."

"Ṣé o rò pé Títì kò lófin tirẹ̀ ni? Ẹrẹ̀ a máa gbé ni mì, Títì a máa gbé ni sọnù. Bí ilà poro nìkan bá wà lójú rẹ, Títì á gbọ̀n ọ́ bí asẹ́ ẹlẹ́kọ, á sì jù ọ́ sí kòtò. Ilà wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ra ni Títì mọ̀."

"Èwo ni kí n wá kọ, bàbá?"

"Ẹni tó ń jẹun nílé méjì ló ń kọ ilà ilé méjì. Jókòó."

Oòrùn ti ń pọ́n. Akàn kọ ilà wẹ́wẹ́ sí àárín ojú rẹ̀, nítorí Títì. Ó kọ ilà tó jìn, tó sì jìnnà síra, sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí Ẹrẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé ilà òun a máa parẹ́ bí ọjọ́ bá ti pẹ́, àti pé ẹni tí tirẹ̀ bá parẹ́ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì mọ́. Ó gún eèédú, ó fi pa gbogbo egbò náà. Àkọ́bí di dúdú yípo.

Ó wá ku omi ìgbín, èyí tí olóòlà fi ń tu egbò lára kí ìrora lè lọ. Akàn ti fọ́ ìdí ìgbín. Ó ní kí Àkọ́bí má ṣe mira.

Ìgbà náà ni igbe Àyọ̀ká ti àfonífojì wá. Igbe náà gùn, ó sì dákẹ́ lójijì.

Àkọ́bí kò dúró. Akàn ń pè é lẹ́yìn pé egbò tí kò rí omi ìgbín kì í gbàgbé, ṣùgbọ́n ó ti lọ.

Nígbà tó dé, oòrùn kò ju èékánná lọ mọ́. Ẹrẹ̀ ti dé ojú fèrèsé. Àwẹ̀ró gbé orí Àyọ̀ká lé èjìká. Àwọn táyà mẹ́ta kò hàn mọ́.

Àkọ́bí wọ àyè rẹ̀, ó sì tẹ ojú mọ́ Ẹrẹ̀, tòun ti egbò tútù. Ilà hàn. Ẹrẹ̀ tọ́ wọn wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn mẹ́ta yìí ńkọ́?"

"Ìyá kan ló bí wa. Nílé wa, àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ jókòó fún olóòlà."

Ẹrẹ̀ rò ó, oòrùn sì ń rì. "Ẹ kọjá lónìí," ni ó wí. "Bí ẹ bá tún padà wá, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fẹ́ rí, kí ilà wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Ọmọ ìyá tí ilà wọn bá yàtọ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa." Ó sì tú ọwọ́.

Àkọ́bí fà wọ́n jáde. Bí ó ti gun Títì, tí ọ̀dà líle kan egbò rẹ̀, ó ké. Ó ń ké hùùù títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Àyọ̀ká lajú díẹ̀, ó béèrè ohun tó ń ké. Àwẹ̀ró dá a lóhùn pé, "Ẹni tó ń gbé wa lọ ni. Jẹ́ kó ké."

Wọ́n gba ẹ̀bí rẹ̀ níbẹ̀, ìyá yè, ọmọ yè.

Nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù lọ jókòó fún Akàn, wọ́n kọ omi ìgbín. Wọ́n ní ìyà tó jẹ ẹ̀gbọ́n àwọn ni kí ó jẹ àwọn náà.

Láti ọjọ́ náà ni táyà ti dúdú, tí ilà wẹ́wẹ́ wà láàárín ojú rẹ̀, tí ilà jíjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abẹ́ ọkọ̀ kan sì ń kọ ilà kan náà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní oko àti ní títì, irú wọn ni kó wá. Bí wọ́n bá ń ké hùùù lórí ọ̀dà, ẹ má bú wọn, egbò ló ń dùn wọ́n. Èyí tí ojú rẹ̀ ti dán, tí kò ké mọ́, òun ni kí ẹ bẹ̀rù.